Ọjọ́ tí ọmọ mi tún Gẹ̀ẹ́sì ìyá mi ṣe

"Grandma, it's not shia. It's chair."

Pálọ̀ Mọ́mì ní Èbúté Mẹ́ta ni ọmọ mi ti sọ ọ́, lóṣù Kejìlá tó kọjá, níṣojú àwọn àlejò. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó na àyà síwájú, ó wá ń túmọ̀ chair fún ìyá tó bí mi lọ́mọ. Aládùúgbò kan bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Eré àwòrán kan wà tó ń jẹ́ WordGirl. Ọdún 2007 ni tẹlifíṣọ̀n PBS Kids bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, ó parí lọ́dún 2015, síbẹ̀ ọmọ ọdún méje tèmi ń wò ó bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Becky ni ọmọbìnrin inú rẹ̀. Ayé mìíràn tó ń jẹ́ Lexicon ni wọ́n ti bí i. Ọkọ̀ tó gbé òun àti ọ̀bọ kan já sílé ayé wa, ìdílé kan sì gbà á tọ́. Wọn ò mọ̀ pé òun ni WordGirl tó ń fò kiri tó ń mú olè. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa fetí sí ọ̀rọ̀ méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni ọmọ mi ti kó níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olè yẹn ni The Butcher, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń ju ẹran lu èèyàn. Ẹran tó fi ń ṣòfò tó ṣe àríyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Súrùlérè. Bó bá ti ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, WordGirl á dá ìjà dúró, á tún un ṣe fún un. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín jù. Lọ́jọ́ yẹn, ipò The Butcher ló fi ìyá mi sí.

Mọ́mì mọ àga. Kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ ló ṣe wá Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èdè wa ò ní ìró ch yẹn, ṣíà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ mi náà ò lè pe gbogbo, bobo ló ń pè é, Mọ́mì ò sì fi í ṣẹ̀sín rí.

Láti ọjọ́ kejì, ọwọ́ ni Mọ́mì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Á nàka sí abọ́, á mi orí sí ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń ná ẹja ní Ọyìngbò títí ẹlẹ́ja á fi ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ", òun ló wá di odi nínú ilé ara rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn méjèèjì jókòó nínú òkùnkùn. Ẹ̀fọn nìkan ni mò ń gbọ́. Nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, nílé yẹn kan náà, "Ààlọ́ o!" ni Mọ́mì fi ń pè wá jọ.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjì tí kò tíì sọ̀rọ̀, tísà kan ní èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí n fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ilé. Mo gbà. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èdè méjì ló ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, ẹnu ọmọ ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ tí à ń padà, Mọ́mì sìn wá dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ mi mú, ó ń pè é ní Àjọkẹ́, Àjọkẹ́, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Nínú bàálù, ọmọ mi bi mí pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Mo ya á sí méjì fún un: jọ, kẹ́. Jọ ò ṣòro. Kẹ́ ni mi ò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rántí bí Grandma ṣe di orí rẹ̀ mú. Ó ní òun rántí.

"Kẹ́ nìyẹn."

Ó pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo ní kó gbé e sókè. Ó tún un pè.