Fọ́ǹtì tínínrín: ibi tí iṣẹ́ dé

Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà ti pé nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya fọ́ǹtì. Àmì ohùn náà ti wọlé, àmọ́ wọn ò tíì jókòó bó ṣe yẹ. Sans-serif ni, kò sí ìrù kankan ní etí ìlà rẹ̀. Òbìrípo àti ìlà gbọọrọ la fi kọ́ ọ, ní ìdílé kan náà pẹ̀lú Futura tí Paul Renner yà, tó jáde ní Jámánì lọ́dún 1927.

Ìwọ̀n

Em, àpótí tí a fi ń wọn lẹ́tà, jẹ́ ẹyọ 1000. Lẹ́tà ńlá ga ní 700, x ga ní 470, ẹsẹ̀ p àti g wọlẹ̀ dé 210. Òpó ìdúró jẹ́ 20, ìlà ìdùbúlẹ̀ jẹ́ 18. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ojú á rí ti ìdùbúlẹ̀ bíi pé òun ló sanra jù.

Kọ́ńpáàsì nìkan kò tó fún O. Òbìrípo tó ga ní 700 gẹ́lẹ́ máa ń kúrú lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ H, torí ojú kan ṣoṣo ló ti kan ìlà. Ó ní láti yọ 12 lókè àti 12 nísàlẹ̀. O kékeré yọ 10. Kókó mẹ́rin péré ló wà lára òbìrípo kọ̀ọ̀kan: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Bí ìdajì ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 250, handle (apá tó ń tẹ ìlà láti ara kókó) á gùn tó 138, ìyẹn 250 lọ́nà 0.5523. Kókó tó bá lé ń mú kí ìlà máa gbọ̀n. Lára fọ́ǹtì tó sanra, dúdú rẹ̀ á bo irú àléébù yìí. Tínínrín kì í bo nǹkan kan.

S ló le jù. Expand Stroke, àṣẹ FontForge tó ń sọ ìlà lásán di ìlà tó ní ìbú, yá lóòótọ́, ó kàn ń da kókó sílẹ̀ bí ẹní fọ́n àgbàdo ni, inú àti ìta ìlà kì í sì í bára mu mọ́. A fi ọwọ́ tún un fà: ikùn òkè kéré ju ti ìsàlẹ̀, àárín jẹ́ 21, orí àti ẹsẹ̀ jẹ́ 18.

Ẹyọ kan tí kọ̀ǹpútà bá fi kún un tàbí yọ kúrò, kí iye lè di odidi nọ́ńbà, jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òpó 20. Lórí pátákó ńlá, yóò hàn. Nítorí náà, em yóò di 2000 kí Bold (irú tó sanra) tó bẹ̀rẹ̀. Iye inú àkọsílẹ̀ yìí ṣì jẹ́ ti 1000.

Àmì ohùn

Ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, àkójọ kóòdù lẹ́tà àwọn èdè (ẹ kékeré jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63), ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé U+0301 (àmì òkè) tàbí U+0300 (àmì ìsàlẹ̀) lé wọn lórí, torí náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní anchor (ojú ibi tí àmì á ti so mọ́ ọn) tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì á ṣí kúrò láyè rẹ̀. Àwọn kan ń tẹ ìlà kékeré U+0329 dípò U+0323 tó jẹ́ tótó (àmì roboto kékeré). Méjèèjì ti wà níbẹ̀.

Tótó abẹ́ lẹ́tà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 kò hàn rárá. Ó ti di 44, bíi ti orí i àti j. Ìlà àmì ohùn jẹ́ 24. Ọ́ ńlá ga dé 880: winAscent, iye tó ń sọ ibi tí fọ́ǹtì ga dé fún Windows, gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows á gé àmì rẹ̀ kúrò. 920 la fi sí i.

Ìṣòro tó ṣẹ́ kù wà nínú kerning, ìyẹn títún àlàfo àárín lẹ́tà méjì ṣe. T àti o fara mọ́ra ní −70, ó sì dára. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ "Tọ́", −70 yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́, torí kerning fo àmì ohùn dá, àmì náà á sì há sábẹ́ apá T. A ó kọ́ lẹ́tà ọ́ yìí bí odidi glyph (àwòrán lẹ́tà) kan nínú ccmp, ìlànà inú fọ́ǹtì tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, ká fún un ní −30 tirẹ̀.

Ibi tó wúlò

Àkọlé, lógò, nọ́ńbà ńlá. Kì í ṣe fún àpilẹ̀kọ gígùn. Ẹni tó bá fi í kọ ìwé ń fìyà jẹ ojú. Ní 16 píksẹ́lì, òpó jẹ́ 0.32 píksẹ́lì, eérú lásán ni yóò jọ. Ní 48 ló tó bíi píksẹ́lì kan. Fún ìwé títẹ̀, òpó á tó 0.25 pt (point, ìwọ̀n àwọn atẹ̀wé) bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà 12.5 pt; bí lẹ́tà bá jẹ́ funfun lórí dúdú, ẹ lò ó ní ìlọ́po méjì, torí yíǹkì máa ń ràn wọ inú. Fún fáínì (ike pẹlẹbẹ) tí ẹ̀rọ ń gé, kí òpó tó fẹ̀ tó mílímítà 1, lẹ́tà ńlá gbọ́dọ̀ ga tó mílímítà 35. Lórí ojúewé ayélujára, ẹ kọ font-synthesis: none sínú CSS (kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojúewé), kí burausa má baà fi ipá sọ ọ́ di Bold ayédèrú.

Bold gan-an yóò ní iye kókó kan náà pẹ̀lú Thin (tínínrín yìí), ní ètò kan náà, kí variable (fọ́ǹtì kan tó lè yí láti tínínrín dé sísanra) tó lè jáde láàárín wọn. S la ó kọ́kọ́ fà.