Ohùn Ọmọ Ìyá Méjì ní Stockholm

Orin gìtá àwọn ará Amẹ́ríkà tí mo mọ̀ kò ju ti Jim Reeves àti Don Williams lọ, àwọn tí bàbá mi máa ń gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Àfi ìgbà tí òtútù Stockholm lé mi wọ ìsọ̀ kékeré kan ní Södermalm, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo orin àlòkù.

Orin kan ń lọ lọ́wọ́. Ohùn obìnrin méjì ni, gìtá sì rọra ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan ń dá, èkejì ń gbè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa ohùn pọ̀, n kò mọ ti ta ni mo ń gbọ́ mọ́. Ara mi bù máṣọ. Mo bi ẹni tó ń tajà pé apá ibo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Stockholm pọ́ńbélé ni wọ́n, pé àdúgbò tí wọ́n dàgbà sí kò jìnnà.

First Aid Kit ni wọ́n ń jẹ́: Johanna àti Klara Söderberg, ọmọ ìyá kan náà. Klara tó jẹ́ àbúrò ló sábà máa ń dá orin, tí ẹ̀gbọ́n ń gbè é. Àwo náà ni Drunken Trees, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní Sweden lọ́dún 2008. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n wọ inú igbó lọ, tí wọ́n kọ orin Fleet Foxes, ẹgbẹ́ olórin kan láti Seattle ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé fídíò rẹ̀ sórí YouTube. Klara jẹ́ ọmọ ọdún 15, Johanna jẹ́ 17. Àwọn olórin náà gbọ́ ọ, wọ́n yìn ín, òkìkí sì kàn.

Mo ra síídì náà. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hagsätra. Lẹ́yìn Skanstull ló yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀, ó gba orí afárá kọjá omi, Globen, gbọ̀ngàn funfun ribiti yẹn, sì yọ lókèèrè. Svedmyra, àdúgbò tí wọ́n dàgbà sí, ni mo sọ̀. Ilé tí kò ga, ọgbà, igi, ìdákẹ́rọ́rọ́. N kò wá ilé ẹnikẹ́ni kiri, ìyẹn kò yẹ ọmọlúàbí. Mo kàn ń rìn, mo ń gbọ́ orin wọn létí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe rí orin náà. Klara jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tó gbọ́ Bright Eyes, ẹgbẹ́ olórin láti Omaha ní Nebraska, ibẹ̀ ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà olórin Amẹ́ríkà. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí àwọn náà fi lọ sí Omaha, tí Mike Mogis tó jẹ́ ara Bright Eyes bá wọn ṣe àwo The Lion's Roar, tó jáde lọ́dún 2012. Ṣáájú ìyẹn, Benkt bàbá wọn, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Lolita Pop rí, ló ń bá wọn ṣe àwo orin wọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu nìkan ni mo tún mọ̀ tí ohùn wọn so mọ́ra báyìí.

Kí n tó kúrò nílùú náà, mo dé Hötorget, níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó àti èso níwájú Konserthuset, gbọ̀ngàn orin aláwọ̀ búlúù. Nínú ilé yìí ni Wọlé Ṣóyínká ti gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Ibẹ̀ náà ni Johanna àti Klara ti kọrin níwájú Emmylou Harris lọ́dún 2015, nígbà tí ìyá àgbà olórin Amẹ́ríkà yẹn gba ẹ̀bùn Polar, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn olórin.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wọn, kó má kọ́kọ́ lọ bá The Lion's Roar, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbayì gan-an. Drunken Trees ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ọ.