Ẹ Kọ́kọ́ Wo Odò àti Òkè: Ọ̀rọ̀ Mi fún Ẹ̀yin Tó Ń Kọ Iṣẹ́ lórí Besançon

Ẹ̀yin àbúrò mi ní ẹ̀ka èdè Faransé, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n kó pùrójẹ́ẹ̀tì yín fún mi pé kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ yín ló mú ìlú Besançon. Mo mọ ohun tó fà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Victor Hugo, òǹkọ̀wé Faransé, ní 1802, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí àwọn Lumière tí wọ́n gbé sinimá jáde. Orúkọ ńlá máa ń dùn ún kọ. Àmọ́ ẹnì kan nínú yín kọ ọ́ pé ìlú náà wà lẹ́bàá ẹnubodè Sípéènì, nítorí pé Hugo pè é ní ìlú àtijọ́ ti Sípéènì nínú ewì. Háà! Ìlà-oòrùn Faransé ni Besançon wà, Swítsàlandì ló sún mọ́. Ìdílé Habsburg tó ń jọba ní Sípéènì ló ni agbègbè Franche-Comté láyé ọjọ́un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn. Hugo fúnra rẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀. Ológun ni bàbá rẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé e kúrò nílùú.

Èkíní, ẹ ya máàpù kí ẹ tó kọ ọdún kankan sílẹ̀. Láti òkè Jura ni odò Doubs ti ń ṣàn bọ̀. Tó bá dé Besançon, ó máa yí ìlú náà po títí ó fi kù díẹ̀ kó pàdé ara rẹ̀. Inú ikùn akèrègbè ni ìlú wà, òkè òkúta ẹfun kan ló sì dí ọrùn rẹ̀ níbi tí omi kò dé. Òkè Saint-Étienne nìyẹn, ó fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà ga ju odò lọ. Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, dé ibẹ̀ ní ọdún 58 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àfi bí ẹni pé kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ya odò náà. Tọ̀sán-tòru ló fi rìn kí Ariovistus, ọba àwọn ará Jámánì, má bàa ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ìlú yẹn ti rí oúnjẹ, ó ti rí ohun ìjà, ó sì ti rí ibi forí pamọ́ sí.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba máàpù yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Odindi orí kan ni mo kọ lórí odò àti òkè nígbà tèmi. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi mí) fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ṣé jọ́gíráfì lo wá kà níbí ni?" Ó ní àwọn ọba àti àwọn àdéhùn ni kí n kọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ni mo bá yọ ọ́, mo to ọdún jọ bó ṣe fẹ́: ní 1668, Louis XIV, ọba Faransé, gba ìlú, ó dá a padà lọ́dún kan náà; ní 1674, ó tún gbà á; ní 1678, àdéhùn Nijmegen sọ ọ́ di ti Faransé.

Ọjọ́ díféǹsì pé. Olùyẹ̀wò tó wá láti yunifásítì mìíràn, bàbá kan tí kì í pariwo, ṣí iṣẹ́ mi, ó ní: "Ìlú tí odò yí ká, tí òkè tún dí ọ̀nà rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe rí i gbà ní 1674?"

Inú mi dùn, torí mo mọ̀ ọ́n! Mo ní òkè méjì mìíràn wà lódìkejì odò, Chaudanne àti Bregille, méjèèjì ló sì ga ju Saint-Étienne lọ. Láyé Caesar, ẹni tó bá gun ibẹ̀ kò lè ṣe ju kó máa wo ìlú lọ, ọ̀kọ̀ kò lè dé ọ̀hún. Ìgbà tí ìbọn àgbá dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Vauban, ẹnjiníà ọba, ní kí wọ́n wọ́ ìbọn àgbá gun orí òkè méjèèjì, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìn ín lu odi. Louis fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí oṣù May tó parí, ìlú àti odi ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Bàbá náà mi orí. "Ó dáa. Ojú ewé wo lo kọ ọ́ sí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa nàka sí olùkọ́ rẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo wo ojú ọ̀gá mi, ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó máa gbé orí sókè, ó ní òun náà ti ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ọ̀hún kò jinlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ tún un kọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ káàǹpù àgùnbánirọ̀, èmi jókòó sílé, mò ń tẹ orí tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, kò tíì tán nínú mi.

Torí náà, ojú ewé tí wọ́n bá fagi lé, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi ṣe àfikún sẹ́yìn iṣẹ́ yín, kí ẹ lè rí ibi tọ́ka sí. Tí wọ́n bá sì ní jọ́gíráfì kọ́ ni ẹ wá kà, ẹ bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìdí tí Vauban fi padà wá mọ odi ńlá sórí Saint-Étienne, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2008, àti ohun tó mú kí Faransé tún lọ kọ́ odi sórí Chaudanne àti Bregille ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣé àwọn ọba ló kàn fẹ́ràn orí òkè ni?

Orí aago ni mo fẹ́ fi ẹ̀kẹta sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti gùn. Ẹ sáà wá Laurent Mégevand, ẹni tó kó àwọn aṣe-aago wá láti ìhà Geneva ní 1793, kí ẹ tún wá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Lip tí wọ́n gba iléeṣẹ́ mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ ní 1973, tí wọ́n ń ṣe aago, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n sì ń sanwó oṣù ara wọn. Kí ẹ tó kọ orí kejì, ẹ fi máàpù yín ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí ẹ fi pẹ́ńsù yà ni mo fẹ́ o. Èyí tí ẹ bá wà jáde lórí Google, mi ò ní wò ó.