Ikú Wo Là Ń Kà? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Òfin Ìbọn

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí òfin ìbọn, orílẹ̀-èdè méjì péré ni mo sì máa ń dárúkọ. Mo máa ń ní, ẹ wo Switzerland: ìbọn kún inú ilé wọn, ìpànìyàn sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ wá wo Mẹ́síkò: fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń ta ìbọn lábẹ́ òfin, àwọn ológun ló sì ni ín, síbẹ̀ wọ́n pa ju 30,000 ènìyàn lọ níbẹ̀ lọ́dún 2019 nìkan. Kí wá ni òfin ń ṣe? Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, ẹnu mi sì máa ń le. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣí mi lójú. Ó ní ìbọn ọdẹ, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú lójijì. Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n bàbá wa pè é sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn wá. Wọn kò wàásù fún un, wọn kò sì bi í ní ohun tó ń rò. Ó mú un wá. Lójú tèmi nígbà náà, bàbá náà ń ṣe àṣejù, mo tilẹ̀ sọ ọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá kí àbúrò mi tó sọ fún mi pé òru kan wà tí òun dìde, tí òun lọ dúró níwájú àpótí yẹn. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó wá padà lọ jókòó. Ilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ ohun tó ń bá a jà fún dókítà. Ó wà láàyè lónìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní bàbá.

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìbànújẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo padà sídìí àwọn iye tí mo ti ń kà láìwò wọ́n dáadáa. Lọ́dún 2021, ènìyàn 48,830 ni ikú ìbọn mú lọ ní Amẹ́ríkà. Mo ti rò pé adigunjalè àti ọmọ ìta ló fa èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ ju ìdajì àwọn tó kú náà lọ ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gba ẹ̀mí ara wọn. Gbogbo ọdún tí mo fi jiyàn, n kò ka irú ikú yìí mọ́ ọ̀rọ̀ òfin ìbọn rárá.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ṣe nínú ilé, àwọn ọ̀gá ológun Ísírẹ́lì ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2006. Wọ́n pàṣẹ pé kí ọmọ ogun tó bá ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ ní bárékè. Àwọn ọmọ ogun tó ń para wọn dín kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ náà sì ti hàn jù. Ohun tó ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ kò kúrò nílẹ̀. Ìbọn ni kò sí nítòsí. Ní Switzerland tí mo fi ń halẹ̀ náà, wọ́n dín iye ọmọ ogun wọn kù sí nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn ọdún 2003, ìbọn ológun sì dín kù nínú ilé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń para wọn dín kù pẹ̀lú, díẹ̀ ló sì wá ọ̀nà mìíràn. Òfin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ ní láti gba ìwé àṣẹ, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dáràn rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ikú tí wọ́n ń kà. Ẹ tún béèrè ibi tí ìbọn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n fi ń pànìyàn ní Mẹ́síkò, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gbé e gba ẹnubodè wọlé, torí náà òfin aládùúgbò wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tí mo gbà pé ó dára jù ni kí ẹ fi orílẹ̀-èdè wé ara rẹ̀, kí òfin tó yí padà àti lẹ́yìn rẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 1996, ẹnìkan yìnbọn pa ènìyàn 35 ní Port Arthur ní Ọsirélíà. Ìjọba fi òfin de ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń yìn léraléra, wọ́n sì ra nǹkan bí 650,000 ìbọn padà lọ́wọ́ aráàlú. Láàárín ọdún 18 tó ṣáájú òfin náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni ẹnìkan ti yìnbọn pa ènìyàn 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 1997 títí di 2016, kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lóòótọ́, ikú ìbọn lápapọ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kí òfin tó dé, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn lórí ìwọ̀n tó jẹ́ ti òfin níbẹ̀. Ẹ má fi apá yẹn pamọ́ bí ẹ bá ń sọ ọ́. Èmi gan-an ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ rí.

Bí ìbọn bá sì wà nílé yín, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí ẹ ti ọta mọ́ ibòmíràn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹnìkan nínú ilé, tàbí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, ẹ ní kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán. Ẹ béèrè tààrà. Àbúrò mi ní ìbéèrè yẹn kò bí òun nínú, ara tu òun pé ẹnìkan rí òun.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Àbúrò mi kò tíì lọ gbà á.