Àyẹ̀wò ọdún: nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé

Ọdún ti ń kógbá wọlé, mo sì ti fi fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án ránṣẹ́ láti wọlé kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé (PhD). Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣì ń bi mí pé kí ló kàn mí kan ọrọ̀ ajé. Èsì mi kò yí padà: mo fẹ́ mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀ kódà nígbà tí wọ́n bá fowó kún owó oṣù.

Mo rò pé ìṣirò ni yóò pa mí. Kò pa mí, ó kàn gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Real analysis, ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí fífi ẹ̀rí múlẹ̀, ni mo fi oṣù mẹ́jọ kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í sọ pé kí o wá ìdáhùn. Ó ti sọ ìdáhùn fún ọ, ẹ̀rí ló ń bèèrè. Ẹnì kan á mú epsilon wá, ìyẹn ìwọ̀n àṣìṣe tó lè gbà, bó ti wù kó kéré tó, ìwọ náà á wá delta, ìwọ̀n tìrẹ tó máa ká a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń yan epsilon fúnra mi kó tó yé mi pé alátakò mi ló ń yàn án. Mo pariwo lálẹ́ ọjọ́ náà.

GRE, ìdánwò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè gíga, ńkọ́? Mo gba 167 nínú 170 níbi ìṣirò. Máàkì yẹn kì í gbé èèyàn wọlé, àìní in ló ń tilẹ̀kùn.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ló fojú mi rí nǹkan. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lè jẹ́rìí pé n kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwádìí, tó ti rí mi níbi tí mo ti ń bá ìbéèrè jìjàkadì, ni wọ́n ń wá. Mo kọ̀wé sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò dátà (statistics). Wọ́n ní, "Mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n máàkì rẹ nìkan ni mo mọ̀. Kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́." Ó dùn mí dé egungun. Oore ni wọ́n ṣe mí, n kò tètè gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mo ṣe lọ ń bá olùwádìí kan tún dátà ṣe nìyẹn, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo rí i pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òdo ló ń parí gbogbo rẹ̀: 120, 130, 140. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, wọn kò ka èyí dáadáa. Ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ló ń fojú díwọ̀n. Èmi náà ti ṣe é rí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ní àwọn fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi.

Èsì á máa wọlé láti oṣù kejì. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ṣe gbèdéke fún ẹni tí wọ́n bá gbà láti sọ bóyá òun ń bọ̀. Mo ti gba iṣẹ́ alẹ́ fún gbogbo oṣù kejì, kí n má baà jókòó ti fóònù.