Ohun tí Kílórínì Ń Bí Sínú Omi Ẹ̀rọ: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Omi ní Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ àyẹ̀wò omi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò kankan. Àwọn èròjà olóró tí à ń wá nínú omi ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá ti da kílórínì sí i kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni bù sínú rẹ̀. Inú omi náà gan-an ni a ti ń bí wọn, nígbà tí kílórínì bá pàdé oje ewé, gbòǹgbò àti igi jíjẹrà tí odò ti kó wá láti inú igbó. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ wa lórí wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí kílórínì tó débẹ̀ rárá, kò sì gbọdọ̀ parí sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Omi odò ni Yemọji tí ilé iṣẹ́ omi Ìjẹ̀bú-Òde ń lò, omi odò náà ni Ìbú ní Rẹ́mọ, igbó àti oko ni wọ́n sì ń là kọjá. Ní àwọn àbàtà wa tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ pọ̀ sí, omi a máa dúdú bí omi àgbo, nítorí pé ewé ti rẹ sínú rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú lásán ṣèdájọ́, torí omi tó mọ́ gaara lójú ṣì lè ní oje ewé tó ti yòrò sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, ní 254 nánómítà, ni ẹ̀rí tó rọrùn jù tí ó sì yá jù lórí èyí. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, pàápàá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá gbá gbogbo ìdọ̀tí ọ̀gbẹlẹ̀ wọ inú odò.

Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ń da kílórínì sí omi ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà láìdáwọ́dúró, síbẹ̀ ọdún 1974 ni Johannes Rook tó ń ṣiṣẹ́ omi ní Rotterdam fi hàn pé chloroform, ọ̀kan nínú àwọn èròjà olóró yẹn, ń jáde láti inú omi tí a da kílórínì sí. Lọ́dún kan náà, Bellar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí ohun kan náà. Chloroform jẹ́ ọ̀kan nínú èròjà mẹ́rin tí a ń pè ní trihalomethane. Àwọn yòókù ni bromodichloromethane, dibromochloromethane àti bromoform. Ẹgbẹ́ kejì tí ẹ óò máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni haloacetic acid. Amẹ́ríkà fi òfin dé trihalomethane lọ́dún 1979 sí 100 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, wọ́n sì dín in kù sí 80 lọ́dún 1998, pẹ̀lú 60 fún haloacetic acid márùn-ún lápapọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà: 300 ni tiwọn fún chloroform, 100 fún bromoform àti fún dibromochloromethane, 60 fún bromodichloromethane, wọ́n sì ní kí a pín iye tí a rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí òdiwọ̀n rẹ̀, kí a ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí àpapọ̀ wọn má ṣe kọjá 1. Ẹ má ṣe da ìlànà méjèèjì pọ̀ nínú ìwé àbọ̀ kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó bá kà á kò ní mọ èwo ni ẹ fi dá omi náà lẹ́jọ́.

Ibi tí mo ti máa ń rí ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣìnà jù nìyí: bó bá ti rí i pé trihalomethane pọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí a dín kílórínì kù. Mo fẹ́ kí ẹ kórìíra èrò yẹn. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ka chloroform àti bromodichloromethane mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, ewu tí a sì ń sọ níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó mu irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àrùn onígbáméjì kì í dúró dọdún. Ó lè pa àgbàlagbà tó gbádùn láàárín wákàtí mélòó kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé a kò gbọdọ̀ torí àwọn èròjà wọ̀nyí fi bí a ṣe ń pa kòkòrò inú omi ṣeré. Kílórínì tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ tó 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, tí pH, ìyẹn òǹkà tó máa ń lọ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, kò sì tó 8, nígbà tó bá sì dé ẹnu ẹ̀rọ aráàlú, kò gbọdọ̀ dín sí 0.2.

Álọ́ọ̀mù ni ohun ìjà wa gidi. Nígbà tí ẹ bá to àwọn ife àyẹ̀wò sílẹ̀, tí ẹ sì ń fi ìwọ̀n álọ́ọ̀mù kún un láti orí ọ̀kan sí èkejì, ẹ kò gbọdọ̀ dúró síbi tí omi ti mọ́ lójú. Ìwọ̀n tó lè mú ẹrẹ̀ sílẹ̀ lè má tíì tó láti mú oje ewé tó ti yòrò. Ó sábà máa ń gba kí álọ́ọ̀mù pọ̀ díẹ̀ sí i, kí pH sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 6, kí oje náà tó lẹ̀ mọ́ ọn kí ó sì rì. Lẹ́yìn tí omi bá ti gba inú iyanrìn kọjá ni kí a tó fi ẹfun gbé pH padà sókè, kí omi má baà máa jẹ páìpù. Bákan náà, bí wọ́n bá ń da kílórínì sí omi àìsẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fà á, ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n sún un sí ẹ̀yìn àsẹ́, nítorí ẹni tó da kílórínì sí omi tí oje ewé ṣì kún inú rẹ̀ ti pèsè ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò padà máa wá ọ̀nà láti yọ.

Bí a ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò náà ṣe kókó, torí èròjà tó ń fò lọ bí afẹ́fẹ́ ni trihalomethane. Ìgò kékeré oní-40 mílílítà ni a ń lò, sodium thiosulfate díẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti pa kílórínì tó ṣẹ́kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kílórínì yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìgò títí ẹ ó fi dé yàrá àyẹ̀wò, iye tí ẹ ó sì rí kò ní jẹ́ ti omi tí aráàlú mu. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi omi ṣan ìgò náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣàn títí ìtutù omi yóò fi dúró sójú kan, kí ẹ wá dín in kù kó máa ṣàn wẹ́rẹ́. Ẹ rọ ọ́ títí omi yóò fi wú díẹ̀ lójú ìgò láìṣàn dànù, ẹ dé e, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ fi ìka lù ú. Bí ẹyọ afẹ́fẹ́ kan bá gòkè nínú rẹ̀, ẹ da á nù, kí ẹ mú ìgò mìíràn. Nídìí ẹ̀rọ yẹn kan náà ni kí ẹ ti wọn kílórínì pẹ̀lú èròjà DPD tó ń sọ omi di àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì kọ ìtutù omi àti pH sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ máa dé ìparí páìpù. Níwọ̀n ìgbà tí kílórínì àti oje ewé bá ṣì wà nínú omi, trihalomethane yóò máa pọ̀ sí i bí omi ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ooru tiwa níbí a sì máa mú un yá. Èyí tí ẹ bu ní géètì ilé iṣẹ́ kò lè sọ ohun tó wà ní àdúgbò tó jìnnà jù. Ní ti haloacetic acid, ó lè dín kù níbi tí kílórínì ti tán, nítorí àwọn kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù ń jẹ ẹ́, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé ó rẹlẹ̀ gan-an lópin ọ̀nà, ẹ yẹ kílórínì wò kí ẹ tó yọ̀.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yóò gbé lọ sí ọ̀nà ọ̀sà, lápá Abígi àti Mákùn-Ọmì, ẹ ní láti wo bromide, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ òkun, pẹ̀lú. Omi òkun ní nǹkan bíi 65 mílígíráàmù rẹ̀ nínú lítà kan, kílórínì a sì máa tètè sọ ọ́ di ohun tó ń bá oje ewé jà ju kílórínì fúnra rẹ̀ lọ. Bromoform fi ìlọ́po méjì wúwo ju chloroform lọ, nítorí náà ìwọ̀nba iyọ̀ òkun tó bá wọ inú omi lè gbé òǹkà yín sókè, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ẹyọ kan kún kílórínì.

Àwọn ìyá àti bàbá yóò máa bi yín bóyá kí àwọn máa se omi ẹ̀rọ kí àwọn tó mu ún. Ẹ dá wọn lóhùn pé síse a máa lé trihalomethane lọ bí wọ́n bá ṣí ìkòkò sílẹ̀, ó sì ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú dichloroacetic acid, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn haloacetic acid, kúrò. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé táńkì orí òrùlé tí a kò fọ̀ ń jẹ kílórínì tán kí omi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti pé ẹni tó ń fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó há ń fa chloroform símú, nítorí náà kí wọ́n máa ṣí fèrèsé balùwẹ̀ sílẹ̀.