Ohun tí ọjà Ẹ̀fọ̀n kọ́ mi nípa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ áàpù, oṣù yìí ni mo pé ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Adó-Èkìtì. Lánàá mo rí ọ̀kan nínú yín tó na fóònù sí oníbàárà, tó ní, "Ẹ wò ó, 20 Mbps! Kò ní fà rárá." Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ ní 2019 nìyẹn.

Èkíní: Mbps, ìyẹn iye dátà tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń sọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó ni. Bí ẹni tí a rán níṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé padà, ìyẹn latency, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, òun sì ni ẹni tó ń sanwó lọ́jà ń rí.

Èkejì: ibi tí wọn yóò ti lo iṣẹ́ yín ni kí ẹ ti dán an wò. Ibí yìí ni mo ti jìyà.

Áàpù ìsanwó ni mo ṣe fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Ìsanwó kan ń lọ bá sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé kí èkejì tó lọ. Ní Adó, lórí 4G, àlọ-àbọ̀ kan jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ńdì 60 (1,000 rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Mo yangàn. A gbé e dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́jọ́ ọjà, láàárín àwọn òkè yẹn, fóònù bọ́ sí 3G, àlọ-àbọ̀ kan di 300. Mẹ́wàá rẹ̀ di ìṣẹ́jú àáyá 3. Fóònù tó bá sì ti sinmi lórí 3G lè lo tó ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó rí ọ̀nà gbà padà. Èmi sì ti pàṣẹ fún áàpù pé bí èsì ò bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, kó tún owó rán.

Owó ń yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan di ìyá oníṣu kan láṣọ mú, ó ń pè é lólè lójú gbogbo ọjà. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Irọ́ ni mo pa, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọ̀gá tó ní ká má fi epo mọ́tò ṣòfò lọ dán an wò níbẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀wé ẹ̀sùn mi. Inú mi ò tíì yọ́ sí i.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó kàwé. Òpó 3G gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ alákòóso kan láàárín. 4G yọ ẹ̀rọ náà kúrò. 3G àkọ́kọ́ ń pín àkókò tó fi ń ránṣẹ́ sí ègé mílísẹ́kọ́ńdì 10, 4G sí 1, 5G tún gé e kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara yín lẹ́nu bíi tàtijọ́ tí ẹ bá ń pe ara yín ní fídíò. Ṣùgbọ́n mílísẹ́kọ́ńdì 1 tí wọ́n fi ń polówó 5G, àárín fóònù àti òpó nìkan ni, pẹ̀lú ètò àkànṣe. Bí sáfà yín bá wà ní London, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ yín nínú wáyà ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200 ní mílísẹ́kọ́ńdì kan; àlọ-àbọ̀ láti Èkó ò lè dín ní bíi 50. Kò sí G kankan tó lè gé ìyẹn. Ẹ gbé sáfà sún mọ́ ilé, ẹ dín ìrìnàjò kù!

Mo sọ ìrìnàjò mẹ́wàá náà di ẹyọ kan, mo fún owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí sáfà má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà sí Ẹ̀fọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá oníṣu. Ó dárí jì mí, ó bu omi fún mi mu. Ṣùgbọ́n kò gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Owó ọwọ́ ló ń gbà títí dòní.